Sípánà Nọ́ḿbà Mẹ́wàá

Pijó olówó orí mi wà níwájú ilé wa l'Áyétòrò
láti ọjọ́ tó ti jáde tí kò padà wọlé mọ́.
Àwọn ọmọ ní, "Màámi, ẹ tà á fún àwọn onírin àlòkù."
Mo ní, ta ni í ta ọ̀rọ̀ tí kò tíì parí?

Orí bátìrì ni mo ti bẹ̀rẹ̀.
Ẹnu rẹ̀ ti hu funfun bí ẹnu ọmọ tó jí wàrà mu.
Mo da omi gbígbóná sí i, ó hó ṣìì,
mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ha á,
mo fi gíríìsì kùn ún
bí a ti ń fi àdín kun àtàrí ọmọ tuntun.
Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó wúkọ́.
Ẹni tó bá ń wúkọ́ kò tíì kú.

Púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò.
Mo tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò dà wọ́n pọ̀:
ọmọ ìyá ni wọ́n, ṣùgbọ́n kálukú ló ní ihò tirẹ̀.
Mo fi sáńpépà ha wọ́n, mo fi àkísà nù wọ́n.
Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ní ìṣirò l'Ókè-Fìà,
n kò mọ̀ pé àlàfo tí kò nípọn tó páálí ìṣáná
lè sọ odidi ọkọ̀ di aláìsàn.

Rédíétọ̀ ń jò.
Ìyá Sùwèbátù ní kí n fi ọṣẹ ìfọṣọ dí i,
Bàbá Onírédíò ní kí n da ata gbígbẹ sí i.
Mo bi í bóyá ọbẹ̀ ni mo fẹ́ sè.
Ọṣẹ ni mo lò. Ó gbọ́ tèmi
títí mo fi dé Ọláìyá, tí èéfín sọ lójú pópó,
tí ọlọ́kadà kan kígbe pé,
"Màmá, oúnjẹ yín ti jinná o!"

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe bíi tèmi,
ẹ má ṣí ìdérí rẹ̀ nígbà tí inú bá ń bí i.
Ẹ jókòó. Ẹ jẹ ẹ̀pà.
Àpá ọrùn ọwọ́ mi yìí ló kọ́ mi.

Nọ́ḿbà mẹ́wàá ló de ìdajì ohun tó wà nínú Pijó,
òun nìkan ni kò sí nínú àpótí.
Mẹ́jọ wà, mọ́kànlá wà, mẹ́rìnlá tiẹ̀ jẹ́ méjì.
Ọkọ mi ní Mùtíyù ló jí i,
Mùtíyù mẹkáníìkì, ará Sábó.
Ọdún mẹ́sàn-án, wọn ò kí ara wọn.
Mùtíyù wá síbi ìsìnkú,
ó dúró lẹ́yìn géètì, kò wọlé.
Pínsà ni mo fi ń bá nọ́ọ̀tì jà.

Ìjókòó ni mo fi ṣe ìgbẹ̀yìn.
Ẹsẹ̀ ọkọ mi gùn, tèmi kúrú,
irin ìjókòó sì ti dípẹtà síbi tó fi í sí.
Ìrọ̀rí méjì ni mo ń gbé sẹ́yìn
kí ẹsẹ̀ mi tó kan kílọ́ọ̀ṣì.
Kì í ṣe pé n kò mọ bí a ṣe ń tún un ṣe.
Mo mọ̀.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lówùúrọ̀ ọjọ́ kan,
mo da kẹrosíìnì sójú irin, mo dúró, mo tún da,
mo fi ìdí tì í. Ó ké. Ó sún.
Eyín kan. Èkejì.
Nǹkan kan sì já bọ́ lábẹ́ rẹ̀: kọ̀ń.

Láàárín èèpo ẹ̀pà àti bébà súìtì, mo fọwọ́ kàn án.
Nọ́ḿbà mẹ́wàá.
Ìpẹtà kò mú un,
gíríìsì ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

Mo jókòó. Ẹsẹ̀ mi kan kílọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀.
Mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi kan sẹ́yìn, nítorí rédíétọ̀,
mo sì gba ọ̀nà Sábó.
N kò tíì mọ ohun tí n ó wí.